Ká Tún Un Ṣe ni àbí Ká Tà Á: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Ṣírò Ọ̀rọ̀ Mọ́tò Yín Tó Ti Dàgbà

Tẹ́ ẹ bá ń wa mọ́tò tó ti lé lọ́dún 15 ní Nàìjíríà, ẹ ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò dún kẹ́ kẹ́ kẹ́ ó dákẹ́, ẹ pe mẹkáníìkì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó títí, ó nu ọwọ́, ó ní "Ọ̀gá, ẹ ta nǹkan yìí jàre." Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹlòmíì á ní ẹ ò gbọdọ̀ tà á o, pé wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jóòótọ́. Mo fẹ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe máa ń ṣe é fún ara mi àti fún àwọn ẹbí tó máa ń pè mí, kó lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pinnu, kì í ṣe mẹkáníìkì, kì í sì í ṣe ìbínú ọjọ́ tó kú mọ́ yín lọ́wọ́ sójú títì.

Ọ̀rọ̀ yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là 1 tó wà ní nǹkan bíi náírà 470 ní báńkì fò kọjá 700 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún kọjá 1,500 lọ́dún 2024. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra tòkunbọ̀ lókè òkun, dọ́là ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà, dọ́là náà ni kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó tiwọn. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò tẹ́ ẹ mọ iye ẹ̀ lọ́dún 2019 fi di nǹkan tẹ́ ẹ kàn ń wò lọ báyìí. Epo náà ńkọ́? Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà tó wà lábẹ́ náírà 200 kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Torí náà ìmọ̀ràn ayé àtijọ́ tó ní "tó bá ti ń yọ yín lẹ́nu, ẹ tà á," ẹ tún un wò dáadáa. Àtúnṣe tó jẹ́ ìnákúnàá nígbà yẹn lè bọ́gbọ́n mu gan-an lónìí.

Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn títí tẹ́ ẹ fi máa kà á tán: fún ọ̀pọ̀ nínú wa, mọ́tò tá a fẹ́ fi rọ́pò tiwa, mọ́tò àtijọ́ ẹlòmíì ni. Kì í ṣe àtijọ́ àti tuntun là ń yàn láàárín wọn, àìsàn tá a mọ̀ ni àti àìsàn tá ò tíì mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó ń ṣe é gan-an

Ẹ má pinnu nǹkankan lọ́jọ́ tó bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ara tutù ná.

Èmi ní Corolla 2005 kan nílùú Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan ní Ìwó Road, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo pa á, mo dúró, mo tún ṣí i, mo rìn díẹ̀, ó tún gòkè. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, kò tíì tú nǹkankan o, ó ní top gasket, ìyẹn ohun tó dí àárín ẹ́ńjìnnì àti orí ẹ̀, ti jó, pé ó sì ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ti lọ, kí n tó mọ̀ ó ti ń pe ẹnì kan ní ọjà spare parts Àrárọ̀mí ní Gate pé èló ni ẹ́ńjìnnì 1ZZ, irú tó wà nínú Corolla mi. Orí ló kó mi yọ, mo ní kó jẹ́ kí n lọ wá owó. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá rewáyà kan ládùúgbò wa. Bàbá ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kàn bi mí pé, "Ṣé inú gó-síló ló ti ń gbóná ni àbí tó o bá ń sáré?" Mo ní, "Inú gó-síló ni, sà, tí mo bá ti jáde sí ẹ̀sípíréèsì abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀." Ó ní kí n tan AC. Mo tàn án, a jọ dúró, fáànù iwájú ò yí. Fáànù ló ti jó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo bí ìbéèrè yẹn ṣe ṣiṣẹ́. Tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà ló ń fẹ́ sí rèdíétọ̀, fáànù kì í fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Inú gó-síló ni fáànù ti ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ inú gó-síló nìkan ló ti ń gbóná, ẹ kọ́kọ́ wo fáànù, fíúùsì àti rìléè. Tó bá ń gbóná nígbà tẹ́ ẹ ń sáré náà, ọ̀rọ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ rèdíétọ̀ tó dí, wọ́tà pọ́ǹpù, tàbí top gasket lóòótọ́. Nígbà tí bàbá tú omi rèdíétọ̀ mi, ó pupa bí omi odò lẹ́yìn òjò ńlá, nítorí omi ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń bù sí i látọjọ́ yìí dípò kúláǹtì, ẹnì kan sì ti yọ thermostat, ìyẹn ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, sọnù láìsọ fún mi. Wọ́n máa ń yọ ọ́ gan-an o, wọ́n á ní ìlú wa gbóná kò wúlò. Irọ́ ni. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, epo á sì máa lọ.

Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ lè yẹ̀ wò fúnra yín kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nìyí. Ẹ wo èéfín tó ń jáde lẹ́yìn: tó bá dúdú, epo pọ̀ jù nínú ohun tó ń jó, ìyẹn kì í sábà pa mọ́tò, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tàbí nọ́sù tó ń fọ́n epo. Tó bá ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, ọ́ìlì ló ń jó, ẹ ronú nípa ríìngì àti valve seal, àwọn ohun tó ń dí ọ́ìlì kó má wọ ibi tí epo ti ń jó. Tó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí mọ́tò ti gbóná, tó sì ń rùn bí nǹkan dídùn, kúláǹtì ló ń wọnú ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ top gasket nìyẹn. Ẹ fa dipstick, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ láàárọ̀ kùtù. Tẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì tó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi àti ọ́ìlì ti pàdé, ẹ má tún wà á lọ síbì kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n fi scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àbùkù inú mọ́tò, wò ó. Mọ́tò Amẹ́ríkà tó bá ti jẹ́ ọdún 1996 sókè ló ní ojú tí wọ́n ń kì í sí, ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Kóòdù kì í ṣe ìdájọ́ o, atọ́ka lásán ni. P0420 fún àpẹẹrẹ ń sọ pé kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde, ò ṣiṣẹ́ dáadáa, níbí sì rèé, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gé e tà láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ní ó ti lọ, ẹ ní kí wọ́n wọn compression, ìyẹn agbára ìfúnpọ̀, gbogbo sìlíńdà kẹ́ ẹ rí nọ́ńbà ẹ̀ lójú ara yín. Tí mẹ́ta bá jọra tí ẹyọ kan já wálẹ̀ gan-an, ẹ ti mọ ibi tí àrùn wà. Ẹ sanwó fún ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀, kí ẹni yẹn má sì jẹ́ ẹni tó máa tún un ṣe. Owó yẹn kì í ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ kejì: egungun mẹ́ta

Mọ́tò ní egungun, ó ní ẹran ara. Egungun ẹ̀ mẹ́ta ni: ẹ́ńjìnnì, gíà, àti bọ́dì pẹ̀lú ṣásì. Gbogbo ìyókù, ṣọ́ọ̀kì, bátìrì, táyà, búréèkì, kíkì sítátà, AC, ẹran ara ni, á máa gbó, wọ́n á máa pààrọ̀ ẹ̀. Tí egungun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró, èmi kì í sábà gbà kéèyàn ta mọ́tò torí ẹran ara. Tí ẹyọ kan bá ti lọ, ó ṣeé ronú sí. Tí méjì bá ti lọ, ẹ jẹ́ ká máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́.

Ẹ́ńjìnnì: ẹ da ọ́ìlì dé orí àmì, ẹ wà á fún kìlómítà 1,000, ẹ tún wò ó. Tó bá mu tó lítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí pé ó ń jò sílẹ̀, inú ẹ̀ ti gbó. Kò túmọ̀ sí pé yóò kú lọ́la o, àwọn kan ń fi ọ́ìlì sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ fi iye ọ́ìlì yẹn sínú ìṣírò.

Gíà: tó bá jẹ́ ọ́tò, ẹ fa dipstick gíà yọ kẹ́ ẹ wo ọ́ìlì ara ẹ̀, kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀. Tó bá pupa, ó dára. Tó bá ti dúdú tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, gíà yẹn ń kú lọ. Láàárọ̀, ẹ fi sí R kẹ́ ẹ kà á, tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó mú, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo sókè ṣùgbọ́n tí mọ́tò ò gbéra, àrùn ti wọ̀ ọ́.

Bọ́dì ni àwọn èèyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ òun ni kò ní àtúnṣe gidi. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ilẹ̀ mọ́tò. Ẹ wo ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti so mọ́ bọ́dì lókè. Ẹ gbé e sókè, ẹ fi skrúdíráfà ti abẹ́ ẹ̀, tó bá wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe. Mọ́tò tó wá láti Michigan tàbí New York ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, abẹ́ ẹ̀ sábà máa ń ti jẹrà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ti Texas kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Pánẹ́bítà lè fi páànù lé e, ó lè fi fílà lẹ̀ ẹ́ kó dán, kò sọ pé ó lágbára mọ́. Mọ́tò tí ṣásì ẹ̀ ti jẹrà, ẹ má náwó sórí ẹ̀, torí ẹ̀mí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín ló wà nínú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú jọ́tà àti bírò

Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé. Lápá kan, ẹ kọ ohun tí mọ́tò èyíkéyìí máa ń fẹ́: táyà, bátìrì, búréèkì pádì, pọ́lọ́ọ̀gì, ọ́ìlì, ṣọ́ọ̀kì, búṣì. Lápá kejì, ẹ kọ àbùkù tó jẹ́ ti mọ́tò yìí gan-an. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé mọ́tò tẹ́ ẹ máa lọ rà náà máa fẹ́ gbogbo ohun tó wà lápá kìíní, nígbà míì láàárín oṣù kan tẹ́ ẹ bá rà á. Èmi ti rí ẹni tó ta mọ́tò torí pé táyà mẹ́rin àti ṣọ́ọ̀kì pé owó kan, ó ra òmíì, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tún ra táyà mẹ́rin àti ṣọ́ọ̀kì.

Owó tẹ́ ẹ ti ná sẹ́yìn, ẹ má kọ ọ́ rárá. Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn wá. "Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba kun ọ̀dà ni." Owó yẹn ti lọ, ẹ tà á, ẹ ò tà á, kò ní padà wá. Oṣù 12 tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣírò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìṣírò fúnra ẹ̀

Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ pé tí àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì iye tí mọ́tò tó, kéèyàn tà á. Èmi ò fara mọ́ ọn níbí, torí lọ́hùn-ún mọ́tò ọdún 20 kì í fi bẹ́ẹ̀ lówó lórí, tiwa ṣì ń lówó lórí dáadáa tó bá ń rìn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, ẹ fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò ẹ̀. Ká ní tẹ́ ẹ bá ta mọ́tò yín bó ṣe wà yìí, náírà 1,800,000 ni wọ́n máa san. Àtúnṣe tó fẹ́ jẹ́ 1,500,000. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tẹ́ ẹ lò ó fún ọdún méjì, ká ní ẹ ṣì lè tà á ní 2,200,000. Ohun tó ná yín ni 1,800,000 tẹ́ ẹ ò gbà lónìí, ẹ fi 1,500,000 kún un, ẹ yọ 2,200,000, ó ku 1,100,000. Pín in sí oṣù 24, ó jẹ́ bíi 46,000 lóṣù. Ẹ fi 30,000 kún un lóṣù fún wàhálà kéékèèké, ó di 76,000.

Ká wá ní òmíì tẹ́ ẹ fẹ́ rà, pẹ̀lú pépà àti àtúnṣe oṣù àkọ́kọ́, jẹ́ 7,500,000, tẹ́ ẹ sì lè tà á ní 6,000,000 lẹ́yìn ọdún méjì. 1,500,000 ló jẹ yín, ìyẹn 62,500 lóṣù. Wàhálà kéékèèké 20,000. Ó di 82,500.

Ṣẹ́ ẹ rí i? Wọn ò jìnnà síra rárá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni pé níbo lẹ ti máa rí 5,700,000 tó kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ta ti àkọ́kọ́? Tó bá wà nílẹ̀ tí kò níṣẹ́ míì tó ń ṣe, kò burú. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa yá a ní èlé 30 nínú 100 lọ́dún ńkọ́? Ọdún àkọ́kọ́ nìkan èlé ẹ̀ á súnmọ́ 1,710,000, ìyẹn 142,500 lóṣù lórí 82,500 yẹn. Ẹ̀yin ará, ẹ má yáwó èlé ra mọ́tò nígbà tí egungun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́tò tẹ́ ẹ ní ṣì dúró. Mo ti rí ilé tí ìyẹn dà rú.

Ẹni tó ń fi mọ́tò ẹ̀ ṣiṣẹ́ kérò, ẹ fi ọjọ́ tó fi ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kún un. Tó bá ń jókòó ọjọ́ mẹ́rin lóṣù, iye tẹ́ ẹ ń pa lọ́jọ́ kan lọ́nà mẹ́rin, owó gidi ni, ó lè yí ìdáhùn padà pátápátá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tẹ́ ẹ bá máa dá a dúró

Búréèkì, sìtíárìn àti táyà ló ṣáájú. Lára táyà ẹ máa rí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dídán tan yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. AC lẹ́yìn. Ọ̀dà ló kẹ́yìn pátápátá, mo mọ̀ pé ó wù yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù.

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì lẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ bá mẹkáníìkì lọ sí ọjà Ládipọ̀ ní Èkó tàbí Àrárọ̀mí fúnra yín. Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí ẹ̀, ẹ sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè fi dá a padà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì yẹn. Nọ́ńbà tuntun yẹn gbọ́dọ̀ wọnú pépà mọ́tò yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọlọ́pàá lè dá yín dúró pé ẹ́ńjìnnì olè ni. Kẹ́ ẹ sì máa gba àlòkù tí wọ́n bá yọ, gbogbo ìgbà, kẹ́ ẹ lè rí i pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́.

Nǹkan tó ṣe pàtàkì jù níbí ni ààlà. Ẹ kọ iye kan sẹ́yìn jọ́tà yẹn, pé tí owó àtúnṣe bá kọjá báyìí láàárín oṣù 12, mo máa tà á. Ẹ sọ fún ìyàwó yín tàbí ọkọ yín. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí orí yín ṣì pé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì bá ní "ó ku díẹ̀ péré."

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tẹ́ ẹ bá máa rọ́pò ẹ̀

Nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Lórí mọ́tò Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: 5 jẹ́ 2005, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Ẹ wo ti iwájú gíláàsì, ti ara ilẹ̀kùn, ti pépà kọ́sítọ́ọ̀mù, kí gbogbo wọn bára mu. Ẹ mú mẹkáníìkì yín àti scanner lọ láàárọ̀, kí mọ́tò ṣì tutù. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti gbóná, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ti tan ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sílẹ̀. Tí scanner bá ní kò sí kóòdù ṣùgbọ́n tí àwọn monitor, ìyẹn àyẹ̀wò tí mọ́tò ń ṣe fúnra ẹ̀, ò tíì pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni.

Ẹ mọ àrùn irú mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Accord V6 ti 2003 àti 2004, gíà ẹ̀ lórúkọ burúkú. Camry Muscle 2.4, ti 2007 sí 2009, ọ́ìlì ni òun máa ń mu.

Ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò tó ti wọ omi. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó ba Houston jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò lomi bò. Wọ́n lè fọ̀ ọ́ kó mọ́ fín, àmọ́ ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin ẹ̀: ibi tí kì í sábà jáde yẹn, ẹrẹ̀ á ti fà ìlà kan síbẹ̀. Ẹ fi fìtílà wo nọ́ọ̀tì tó so ìjókòó mọ́ ilẹ̀, tó bá ti dípẹtà tí ìyókù ń dán, ẹ kí wọn kẹ́ ẹ máa lọ.

Ti àtijọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ tà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún ohun tí kò wọ́n ṣe, kẹ́ ẹ sì sọ àbùkù ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ jọ kọ ìwé àdéhùn, ọjọ́, aago, nọ́ńbà VIN, orúkọ àti àwòrán ìwé ìdánimọ̀ ẹni tó rà á, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n yí pépà kúrò lórúkọ yín, torí tó bá lọ gbá èèyàn lọ́la, orúkọ tó wà lórí pépà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá délé.